Ẹ Bo Orúkọ Rẹ̀, Ẹ Sọ Ohun Tí Ó Pa Á

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Igbókọ̀dá àti ní gbogbo etí òkun Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti pẹ́ ní ọkàn mi, ẹ̀bi rẹ̀ sì kan èmi náà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan wà nínú jàmáà wa tí ń ta ẹja yíyan. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Nígbà tí ó lóyún, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan tí èmi kò ní dárúkọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ tí ó lọ gba èsì, ẹni tí ń tọ́jú káàdì dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i sókè, lójú gbogbo àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kí arábìnrin náà tó dé èbúté, àwọn ọlọ́kọ̀ ti gbọ́. Èmi kò ní tún un sọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àrùn tí a ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún ni oògùn wà fún, tí kò ní jẹ́ kí ó ran ọmọ inú. Òun kò dúró gba oògùn. Kò tún tẹ ibẹ̀ mọ́. Ilé ni ó bí sí. Ọmọ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n wá epo tí wọn yóò fi wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnì ní òru ọjọ́ náà, wọn kò tètè rí i. Ojú omi ni ó kú sí.

Èmi ni mo kírun sí i lára. Mo ṣe wáásí pé obìnrin tí ó bá ti ipa ìbímọ kú, ikú ṣàhíìdì ni ó kú, gẹ́gẹ́ bí Ànábì wa ti fi kọ́ wa. Òtítọ́ ni. Àwọn ènìyàn ṣe àmín, a jẹ sàárà, a túká. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ìdí tí epo kò fi sí, tàbí ìdí tí ó fi sá fún ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ipò ṣàhíìdì jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run fún òun. Kì í ṣe ìdáríjì fún àwa tí a jáfara.

Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin wà. Ní ọdún 2010 ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin pé bí aboyún tàbí abiyamọ bá kú, kí a fi tó ìjọba létí, kí àwọn onímọ̀ sì wádìí ikú náà ní ìkọ̀kọ̀. Orúkọ olóògbé kò ní hàn, ti nọ́ọ̀sì kò ní hàn. Kì í ṣe ẹni tí wọn yóò tì mọ́lé ni wọ́n ń wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wọ́ ni wọ́n ń wá. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni kò sí? Ṣé dókítà ni ó pẹ́? Ṣé ilé ni wọ́n ti fi falẹ̀? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe irú ìwádìí yìí láti ọdún 1952. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá bo orúkọ, ẹnu a tú. Agbẹ̀bí tí ó mọ̀ pé wọn yóò lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kò jẹ́ sọ pé abẹ́rẹ́ ti tán láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ìjọba Gómìnà Mímíkò ti kọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù. Ní 2010 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni Ìfẹ́dọ̀rẹ́ wà. Lọ́dọ̀ wa, ní Àwòyè tàbí ní Ayétòrò tí òkun ń jẹ, fóònù lè pe ọkọ̀, kò lè wa ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ sì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí méjì.

Ní 2023, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Tànsáníà, Gúúsù Áfíríkà àti Nàìjíríà níhìn-ín fi hàn pé bí agbẹ̀bí bá tẹ́ ọ̀rá tí ó ní ìlà ìwọ̀n sí abẹ́ abiyamọ láti wọn ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde, tí ó sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ewu ńlá ẹ̀jẹ̀ a fi 60 dín kù nínú 100. Ẹ̀yin tí ń ta epo pupa mọ̀ pé ojú lásán kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ bi ilé ìwòsàn yín bóyá wọ́n ní ọ̀rá náà.

Ní ti káàdì, òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀, bí ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ṣáájú òfin náà ni Àlùkùránì ti pàṣẹ pé kí a dá àmáánà padà fún ẹni tí ó ni ín. Kí ilé ìwòsàn ní yàrá tí ó ní ilẹ̀kùn, kí wọ́n máa bá obìnrin sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí àpótí káàdì sì ní kọ́kọ́rọ́. (Àwa ààfáà náà kò mọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ń gbọ́ àṣírí nídìí àdúà tí a sì ń fi í ṣe wáásí.)

Bí àwọn olùwádìí bá sì dé ilé yín lẹ́yìn òkú, ẹ má sọ pé kádàrá ni kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ wákàtí tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹ wá ọkọ̀, ìgbà tí ẹ rí i. Ọkọ arábìnrin tí mo wí sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní kò sí ẹni tí ó bi òun rí.

Mo bẹ gbogbo Ìyá Àdínnì, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin máa dá owó epo ọkọ̀, kí a kọ nọ́ńbà fóònù ọlọ́kọ̀ méjì tí ń sùn ní èbúté sí ara ògiri mọ́sálásí. Tiwa ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá. Kẹ́ẹ̀gì epo méjì ni ó wà nílẹ̀ báyìí, ní ibi tí ó jìnnà sí ibi tí a ti ń yan ẹja.