Ògiri Tó Bá Lanu Ni Aláǹgbá Ń Wọ̀

Ìyá aláṣọ kan l'ọ́jà Odò-Orí, n'Ìwó, wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n bá òun tẹ ìwé NIN òun. Bí ọmọkùnrin ibẹ̀ ṣe tan ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀. Kíá ló tẹ̀ ẹ́ pa.

"Kí lo tẹ̀ pa yẹn, ọmọ mi?"

"Ẹ má dá a lóhùn, Ìyá. Update ni. Oṣooṣù ló ń yọ mí lẹ́nu, dátà mi ló ń jẹ."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Update kì í ṣe ìyọlẹ́nu, àtúnṣe ni. Kò sí káfíńtà tó lè kan ilé onílẹ̀kùn rẹpẹtẹ kó má gbàgbé ìṣó kan. Bí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà bá ti rí ihò, wọn á fi àtúnṣe ránṣẹ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni Microsoft, àwọn tó ni Windows, ti fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí onílé ṣe ń gbọ́ pé ihò wà, bẹ́ẹ̀ lolè náà ń gbọ́. Ẹni tó bá fi falẹ̀, olè ti mọ ibi tó máa gbà wọlé.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2017, àtúnṣe ihò ńlá kan jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn ò ráyè. Nígbà tó di ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, àrùn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọlé ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. Ó ti ìwé inú ẹ̀rọ pa, ó ní àfi kí ẹni tó ni ín san 300 dọ́là. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọsibítù ìjọba ń dá aláìsàn padà sílé. Ẹni tó ti ṣe àtúnṣe láti oṣù kẹta, ihò tiẹ̀ ti dí.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ n'Ìwó ńkọ́? Kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù nìkan ni yóò sunkún. Nọ́ńbà NIN ìyá aláṣọ wà nínú ẹ̀rọ yẹn, fọ́tò télọ̀ wà níbẹ̀, ìwé ọmọ tó fẹ́ wọ Yunifásítì Bowen náà wà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé dátà wọ́n, iná náà kì í dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò pọ̀jù. Ẹ ṣe é lálẹ́ tí oníbàárà ti lọ, ẹ má sì paná ẹ̀rọ kó tó parí. Inú Windows fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Èyí tó bá ṣàdédé yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ tolè. Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibòmíràn. Ẹni tó ṣì ń lo Windows 10, kó mọ̀ pé ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni àtúnṣe tó ń wá fún gbogbo èèyàn ti dópin.

Ìyá aláṣọ ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà. Ó ní, "Ọmọ mi, bí àgádágodo ìsọ̀ mi bá bàjẹ́ lónìí, ṣé oṣù tó ń bọ̀ ni màá ṣe é?"

Ọmọkùnrin náà ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ bi tiyín kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà yín fún un.