Ojú Kan Làdá Ń Ní, Ọ̀rọ̀ Kì í Ṣe Àdá

 

Ọ̀kan nínú yín gbé iṣẹ́ àmúrelé wá sí kíláàsì Yorùbá wa lọ́jọ́ Sátidé. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó wo ọ̀rọ̀ tí Martin Luther King sọ ní Washington lọ́jọ́ 28 oṣù Ògọ́sìtì 1963, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ ní, "Èyí kọjá agbára mi o, òyìnbó rẹ̀ le jù." Àwa ní kò kọjá agbára rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Ojú kìíní ń wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀. King á fi gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀, á tún padà fi bẹ̀rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ á fi máa dún bí ìlù. Àwítúnwí nìyẹn.

Ojú kejì ń wo ìgbà. Ní 1863 ni Ààrẹ Lincoln kéde òmìnira fún àwọn ẹrú ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà jagun. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, King dúró níwájú ilé ìrántí Lincoln, síbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ò tíì lè jókòó síbi tó wù ú ní ọ̀pọ̀ ìlú apá Gúúsù. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni.

Ojú kẹta ń wo ẹni tó ń gbọ́. Nǹkan bí 250,000 èèyàn ló wà níbẹ̀. Apá tó sọ nípa àlá rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ jù, kò sí nínú ìwé tó mú dání. Ẹni tó wà nítòsí sọ pé Mahalia Jackson, akọrin nì, ló ké sí i pé kó sọ ti àlá náà. Olùgbọ́ ló ran olùsọ lọ́wọ́.

Bàbá ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín: "Àṣé bí ìyá mi ṣe ń ki oríkì nìyẹn!" Bẹ́ẹ̀ ni. Màmá á ki ọmọ, orí ọmọ á wú, Màmá á tún fi kún un. Ẹ tiẹ̀ wo Àjàní nìkan: ọmọ tí a jà kí a tó ní. Ta ló jà? Kí ló dé tí wọ́n fi jà? Màmá ló mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn wá. Ọmọ náà ní kí bàbá òun ki òun. Bàbá mọ ìbẹ̀rẹ̀, kò mọ ìparí. Àwa tí a bá a rẹ́rìn-ín ńkọ́, mélòó nínú wa ló mọ tilé rẹ̀ dópin? Ọ̀rọ̀ King wà nínú ìwé, ó wà nínú fíìmù. Ti Màmá, ẹnu Màmá nìkan ló wà.

Nítorí náà, iṣẹ́ àmúrelé tiwa rèé. Kí ilé kọ̀ọ̀kan pe àgbà kan nílé, kí ẹ gba oríkì sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ wá béèrè: Èwo lẹ̀ ń wí léraléra? Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Ta lẹ máa ń kì í fún? Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ó dìgbà kan ná o.