Àwọ̀ Etí Ọ̀sà Ló Yẹ Kánfáàsì Òtò

Ará Òtò tó bá ń lọ sí àárín Èkó, títì Àgbádárìgì ni yóò gbà, yóò sì kọjá níwájú bárékè ṣọ́jà Ọ̀jọ́. Aráàlú kì í wọ ẹ̀wù adíkálà bíi ti ológun kọjá níbẹ̀. Òfin ló fà á: ìpín 110 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà ka yúnífọ́ọ̀mù ológun, àti aṣọ yòówù tó bá fara jọ ọ́, léèwọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun. Síbẹ̀, àwọ̀ tí wọn kò jẹ́ wọ̀ lọ́rùn ń wọlé láti ẹsẹ̀. Kánfáàsì adíkálà wà nínú òkìrìkà, ó sì wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta tuntun. Àwọn aránbàtà wa náà ti ń rí i pé ó ń tà, kò sì ní í pẹ́ tí wọn yóò máa dà á kọ.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà. Ọgbọ́n tó bí àwọ̀ ológun àtijọ́ dára fún aránbàtà ju àwọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn ayàwòrán ló kọ́kọ́ ya irú àwọ̀ yìí fún ológun. Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ Faransé kó wọn jọ sábẹ́ Lucien-Victor Guirand de Scévola, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, pé kí wọ́n máa kun ọ̀dà sára aṣọ tí wọn yóò fi bo àgbá mọ́lẹ̀. Ní 1929, ilẹ̀ Ítálì tẹ àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí aṣọ àgọ́ ọmọ ogun wọn. Nígbà tó di 1942, Norvell Gillespie, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́ òdòdó àti ọgbà, ya èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ̀ ní àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Ojú méjì ni aṣọ náà ní. Ojú kan jẹ́ àwọ̀ ewé, fún inú igbó. Èkejì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, fún iyanrìn etí òkun. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di tiwọn. Ní 2013, Nike àti atmos, ilé ìtajà kan ní Tókíò, gbé e sórí bàtà Air Max 90. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni iṣẹ́ olùtọ́jú òdòdó fi rìn kí ó tó dé ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́.

Ilẹ̀ tí ọmọ ogun yóò dúbúlẹ̀ sí ni Gillespie wò kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Áfíríkà. Àwọn ọdẹ Bàmbàrá ní Málì ń wọ aṣọ tí wọ́n fi ẹrẹ̀ pa láró, kí ẹran má baà tètè rí wọn, Yorùbá náà sì mọ ohun tí agẹmọ ń ṣe lórí ẹ̀ka.

Èèyàn lè béèrè pé, kí ni bàtà tí a rà kí ayé lè rí i fẹ́ fi ọgbọ́n ìfarapamọ́ ṣe? Ó wúlò fún un. Ẹ̀yà bàtà pọ̀: imú, ahọ́n, ẹ̀gbẹ́, gìgísẹ̀. Àwọ̀ adíkálà a máa so wọ́n pọ̀, ojú rírán kì í hàn ketekete. Kánfáàsì funfun kò lè lo ọjọ́ kan nínú ẹrọ̀fọ̀ òjò ní Òtò. Adíkálà a gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí àwọn adàwòkọ kì í fiyè sí. Aṣọ tí wọ́n tẹ̀ fún èjìká àti àyà ní àbàwọ́n ńláńlá. Tí a bá gé e fún imú bàtà, àwọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń bọ́ síbẹ̀, ẹwà náà á sì parẹ́. Àfi kí aránbàtà fúnra rẹ̀ tún un yà, kí ó kéré dé ìwọ̀n ẹsẹ̀.

Ohun tí Nigo, ará Japan, ṣe nìyẹn pẹ̀lú A Bathing Ape, ilé iṣẹ́ aṣọ tó dá sílẹ̀ ní 1993. Ó fi orí ìnàkí pamọ́ sáàárín àwọn àbàwọ́n náà. Láti òkèèrè, ó jọ aṣọ ológun. Tí èèyàn bá sún mọ́ ọn, iṣẹ́ Nigo ló rí.

Àwa náà ní ohun tí a lè yà: ojú-oró àti òṣíbàtà wà lórí omi Òtò. Iyanrìn wà, imọ̀ àgbọn wà, omi ọ̀sà sì ń pọ́n bí òjò bá ti dé. Àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya irú nǹkan wọ̀nyí sára aṣọ. Ṣọ́jà wo ni yóò rí àdìrẹ lẹ́sẹ̀ ọmọ ẹni tí yóò pè é ní yúnífọ́ọ̀mù?

Àwọn kan ń fẹ́ kí ìjọba fa òfin tó ka aṣọ ológun léèwọ̀ ya. Ẹni tí ajínigbé tó wọ aṣọ ṣọ́jà ti dá lọ́nà rí kò ní í bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Jàmáíkà àti Barbados náà ka aṣọ yìí léèwọ̀. Èyí tí kò tọ́ ni kí àwọn ṣọ́jà máa na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bàá títì, kí wọ́n sì máa yí i nínú ẹrẹ̀ nítorí aṣọ. Ilé ẹjọ́ ni òfin sọ pé kí wọ́n gbé ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ.

LASUED, yunifásítì ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà kí ó tó di yunifásítì ní 2022, wà ní Òtò-Ìjaníkin níbí. Kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sí etí ọ̀sà pẹ̀lú bébà àti ọ̀dà, kí wọ́n sì pe àwọn aránbàtà àdúgbò mọ́ wọn.