Dùùrù Tó Mọ̀ Ọ́n Sọ

Lọ́dún 1783, Carl Philipp Emanuel Bach kọ sonata kan fún dùùrù abàmì kan tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Bogenklavier. Wọn kì í lu okùn inú rẹ̀ bíi ti píánò. Kẹ̀kẹ́ kan ló ń yí nínú rẹ̀. Bí ìka bá ti tẹ kíì, okùn á fara kan kẹ̀kẹ́, á sì máa dún bí ẹni ń fa gòjé títí ìka á fi kúrò. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní píánò á mọ ohun tí àwọn tó ṣe é ń wá: tí a bá ti lu okùn píánò tán, ńṣe ni ohùn rẹ̀ ń kú lọ.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní píánò ní Lágere, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá onílù kan wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyáàlù wà léjìká rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìlù pe orúkọ ọmọ náà. Ó fi apá fún ọsán, ó fi kọ̀ǹgọ́ lù ú, orúkọ jáde, saworo ń dún tẹ̀lé e. Èmi náà wá a lórí píánò, dò, re, mí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́ ọ. Bàbá náà mi orí díẹ̀.

"Ìyá, ó mọ̀ ọ́n sọ. Kò kàn mọ̀ ọ́n fà ni."

Òótọ́ pọ́nńbélé. Ohùn ìyáàlù ń yọ́ lọ sókè sódò, ti píánò dúró gbagidi. Àmọ́ Akin Euba, òǹkọ̀wé orin tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ láwọn ọdún 1970, kò ka lílù tí à ń lu okùn píánò sí àbùkù. Lójú tirẹ̀, lílù yẹn gan-an ló jẹ́ kó bá ìlù wa tan. Lọ́dún 1963 ló kọ Igi Ńlá So fún píánò àti ìlù Yorùbá. Lọ́dún 1970, ó kọ Scenes from Traditional Life fún píánò nìkan. Kò fẹnu lásán sọ̀rọ̀ ìlù o: orí orin dùndún ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, ní Gánà, lọ́dún 1974. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ló papò dà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ lè kọ́ píánò fún ọdún mẹ́wàá nílùú yìí láìfọwọ́ kan iṣẹ́ Euba kankan. Ìwé ìdánwò ìlú òyìnbó ni à ń tẹ̀ lé lọ́dọọdún. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dùn mí. Mi ò ní kí a sọ Bach nù. Mo fẹ́ràn Bach. Ṣùgbọ́n etí tó ti gbó sínú dùndún ni àwọn ọmọ wa ń gbé wá jókòó sídìí dùùrù, àwa la sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi etí yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè orin Euba lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ yín. Ẹ̀yin ìjọ tí píánò yín wà lábẹ́ aṣọ láti Ọjọ́ Àìkú dé Ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣí i, kí ẹ sì pe onílù kan wá jókòó tì í.