Ẹ Má Tètè Fọ́máàtì: Bí Windows Tuntun Bá Kọ̀ Láti Wọlé

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft jáwọ́ nínú Windows 10. Àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé ní Ganmo, ó sì kan akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìṣirò owó ní Àjàṣẹ́-Ìpó tàbí Òmù-Àrán, ní Ìpínlẹ̀ Kwara níbí.

Àwọn kan yóò ní, “Tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ló kàn mí?” Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí kòkòrò WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 káàkiri nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè, tó ti fáìlì wọn pa, tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Iṣẹ́ dojú rú láwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kẹta ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó lè dá a dúró jáde. Àwọn tí kò gbà á ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó sí i lọ́wọ́.

Ó yẹ ká kúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí Windows 11, àmọ́ ọgbọ́n ni ká fi kúrò. Upgrade tó kọ́sẹ̀ kì í sábà pa fáìlì. Ìkánjú ló ń pa á: ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ẹnìkan ti fa fláàṣì yọ, ó ti fọ́máàtì kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹbọ tí a rú láìdífá nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà àtòjọ ló gba ìṣọ́ra jù. Wọ́n ra motherboard níbì kan, processor níbòmíràn, káàdì àwòrán sì lè jẹ́ òkìrìkà. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó mọ gbogbo ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni dráífà rẹ̀, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lò ó, wà. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá.

Windows 11 ń béèrè RAM GB 4, àyè GB 64 lórí dísìkì, UEFI, Secure Boot, TPM 2.0, àti processor tí Microsoft fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ Intel Core, láti ìran kẹjọ sókè ni. PC Health Check, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò sọ bóyá tiyín tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ní òun kò rí TPM, ẹ má tíì tà á. Lórí ọ̀pọ̀ motherboard, ó wà níbẹ̀, wọn ò kàn tàn án ni. PTT ni Intel ń pè é, fTPM ni AMD ń pè é. Inú BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde, la ti ń tàn án.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS, ẹ wò ó bóyá BitLocker ló ti dísìkì náà pa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó ní díjíìtì 48 sórí ìwé. Bí kò bá sí lọ́wọ́, fáìlì lè má ṣí mọ́ láé.

BIOS yìí kan náà ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn láyà jẹ. Dísìkì tó ti pẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti ètò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní MBR. Bí ẹ bá pa CSM, ìyẹn apá BIOS tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dìde ní ìlànà àtijọ́, láti lè tan Secure Boot, kọ̀ǹpútà lè sọ pé òun kò rí Windows kankan. Fáìlì kò lọ síbì kan. Ẹ padà tan CSM, Windows àtijọ́ yóò dìde. Lẹ́yìn náà kí ẹ lo MBR2GPT, tó wà nínú Windows 10 fúnra rẹ̀, tó ń yí ètò dísìkì padà láìpa fáìlì rẹ́. Káàdì àwòrán tó bá ti dàgbà jù náà lè má gbé àwòrán jáde mọ́ tí CSM bá ti kú. Ojú á ṣókùnkùn, dísìkì á sì wà láàyè.

Bí upgrade bá kọ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, Windows sábà máa ń dá ara rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó lè pẹ́, ẹ má paná. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà àṣìṣe tó bá yọ. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0xC1900101, dráífà ló sábà ń fà á: ẹ yọ printer, modẹ́ẹ̀mù àti dísìkì kejì, ẹ tú antivirus tí ẹ fúnra yín fi síbẹ̀ kúrò, ẹ gba dráífà tuntun, kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ní ti 0x80070070, àyè ló kéré. Bí Windows 11 bá sì wọlé tán tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ ní ọjọ́ 10 láti padà sẹ́yìn láti inú Settings, bí ẹ kò bá ti pa fódà Windows.old rẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ganmo ni ibùdó iná 330kV wà, lórí okùn tó so Jẹ́bà mọ́ Òṣogbo, ṣùgbọ́n gbígbé nítòsí ibùdó kò ní kí iná má lọ. Lọ́dún 2024, ètò iná orílẹ̀-èdè yìí wó léraléra. Kọ̀ǹpútà àtòjọ kò ní bátìrì bíi láptọ́ọ̀pù, nítorí náà UPS tàbí inverter ni kí ẹ gbára lé. Lọ́dọ̀ Microsoft gan-an ni kí ẹ sì ti gba Windows, bó tilẹ̀ ń jẹ dátà tó lé ní GB 5. Windows tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè gbé kòkòrò wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá tó Windows 11, Microsoft ṣí ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ kan tó gbé Windows 10 dé oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Linux Mint náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ lò.

Lónìí, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín síbi méjì: ọ̀kan sórí dísìkì òde, ọ̀kan sórí Google Drive. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ọwọ́ ẹ́ńjíníà, ẹ sọ fún un kó tó jókòó: “Ẹ bá mi yọ dísìkì yìí, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a kó fáìlì mi jáde. Ẹ sọ ohun tó ṣe é fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn la máa tó sọ̀rọ̀ fọ́máàtì.” Bó bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.