Lẹ́yìn Àìsàn Ránpẹ́

Iwájú ilé wa ní Fájuyì, Ado-Ekiti, ni sàréè ìyá mi wà. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Àbúrò ìyá mi, Màmá Kékeré, kì í gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ láìkí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ti mọ́ o." Yóò sọ fún un pé òjò rọ̀ lánàá, pé iṣu ti wọ́n, pé ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà pè. Lẹ́yìn náà ni yóò fi Bíbélì há abíyá, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. N kò rí i rí kí ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́.

Èmi ni ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà. Houston ni mò ń gbé. Ọdún 2020 ni ìyá mi kú, nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú pa, n kò sì lè lọ. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń sọ pósí kalẹ̀. Àwòrán á dúró gbagidi, á tún sáré. Ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri sọ pé ó lọ "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́." Níbí, àwọn ará ìjọ ṣe ìsìn ìrántí, wọ́n gbé ìrẹsì wá sílé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, mo ní mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo bá ń dáná. Arákùnrin kan ṣí Diutarónómì orí 18 sí mi, níbi tí a ti ka abókùúlò mọ́ ohun ìríra. Mo panu mọ́.

Ọmọ mi obìnrin ló gbé ìwé kan wálé láti iléèwé: Sing, Unburied, Sing, ti Jesmyn Ward, tó gba ẹ̀bùn National Book Award ní 2017. Ọmọ DeLisle ni Ward, létí òkun Mississippi. Ọdún 2000 ni awakọ̀ kan tó ti mutí yó pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọ̀fọ̀ yẹn kò sì kúrò nínú ìwé rẹ̀.

"Mọ́mì, ìtàn iwin ni o," ọmọ mi wí. Òru mẹ́ta ni mo fi kà á. Ilé wa gan-an ni mo rí níbẹ̀. Ìyá àgbà kan wà lórí àìsàn jẹjẹrẹ, ó ń ké pe Màríà, ó sì tún ń ké pe Yemayá, ìyẹn Yemọja tiwa, tó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun. Given, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n yìnbọn pa, ń yọjú sí arábìnrin rẹ̀. Òkú ọmọ ọdún méjìlá kan, Richie, tó ṣẹ̀wọ̀n ní Parchman, wọ mọ́tò tẹ̀ lé wọn délé. Kò wá torí ẹbọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n: báwo ni mo ṣe kú? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni bàbá ti ń sọ ìtàn ọmọ náà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ń kù díẹ̀ kó dé ìparí, á dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé, mo sunkún.

Èmi náà kò mọ bí ìyá mi ṣe kú.

Àwa Èkìtì mọ òkú sin. A ó yá owó, a ó pa màlúù, a ó dá aṣọ ẹbí, onílù á lù mọ́jú. Ìyẹn kò bí mi nínú tó ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Béèrè lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí pé kí ló ṣe é, wọ́n á ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ikọ́ ni o, oyún ni o, ìbànújẹ́ ni o, "àìsàn ránpẹ́" ni wọ́n máa kọ. Òkú wà níwájú ilé, ìtàn rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ Ado mọ ohun tí à ń pè ní òkú tí a kò tíì sin. Ọjọ́ 29 oṣù keje, 1966, ni wọ́n pa Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ní Lálúpọ́n lẹ́yìn Ìbàdàn. Oṣù kìíní 1967 ni ìlú tó rí ọmọ rẹ̀ sin. Lónìí orúkọ rẹ̀ ni àdúgbò wa ń jẹ́, ọmọ kékeré tó ń kiri omi níbẹ̀ sì lè sọ fún ọ pé ó kọ̀, kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ fún ikú. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì sọ bó ṣe kú. Lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì ló fi sùn re.

Níhìn-ín, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń sọ. Aládùúgbò mi, aláwọ̀ funfun, sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ọtí ló pa ọkọ òun, bẹ́ẹ̀ a kò tíì mọra dé orúkọ. Ṣùgbọ́n ibojì ọkọ náà jìnnà, wọ́n sì máa ń ti géètì rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Níyì Ọ̀ṣúndáre, akéwì ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ha sí àjà ilé ní New Orleans pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ fún wákàtí 26 nígbà ìjì Katrina, 2005. Omi kó ìwé rẹ̀ lọ. Ní 2011 ó kó ewì jọ lórí rẹ̀, City Without People. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó máa fi sin ohun tó sọnù, inú ìwé ló ń sin ín sí.

Ní ti arákùnrin tó ṣí Diutarónómì sí mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọba Sọ́ọ̀lù inú Bíbélì, tó lọ bá abókùúlò ní Ẹ́ńdórì, ó fẹ́ kí òkú sọ ọ̀la fún un ni. Màmá Kékeré kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àpóstélì Ayọ̀ Babalọlá, tí àwọn èèyàn dáná sun òrìṣà wọn nítorí ìwàásù rẹ̀, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì kan náà ni wọ́n sin ín sí ní 1959, àwọn onígbàgbọ́ sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ títí dòní. Ta ló pè wọ́n ní abókùúlò?

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìgbà tí mo ka ìwé náà tán, mo pe Màmá Kékeré. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ṣe màmá mi?" Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Mo gbọ́ bí sílípáàsì wọn ṣe ń dún jáde. "Ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n wí, ohùn wọn kò kọjú sí mi, "ọmọ yín ń béèrè o. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un."

Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: èémí tó ń há, takisí tí wọ́n bẹ̀, ilé ìwòsàn méjì tó dá wọn padà. Ọmọ mi wá jókòó tì mí. Kò gbọ́ gbogbo Yorùbá náà, mo ń túmọ̀ fún un. Nígbà tí a dé ibi tí takisí ti dúró, tí orí ìyá mi wà lórí itan àbúrò rẹ̀, n kò lè túmọ̀ mọ́.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" Màmá Kékeré béèrè.

"Mo wà níbẹ̀, mà."

Wọ́n ń bá a lọ.