Ohun Tí Ajá Lè Kọ́ Lámèyítọ́ Ìwé

Òtítọ́ korò, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ewúro náà korò, síbẹ̀ kò sí ìyàwó ilé tí ó torí bẹ́ẹ̀ lé e kúrò nínú ọbẹ̀. Ńṣe ni a ń fi omi fọ̀ ọ́, tí a sì ń fún un, títí tí yóò fi ṣeé jẹ. Bí àwọn baba wa ti ń ṣe òtítọ́ ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ ni omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó wá jẹ́ ohun ìyanu pé nígbà tí a di ọ̀mọ̀wé, tí a ń kọ ìwé, tí a sì ń yẹ ìwé ara wa wò, a gbàgbé omi náà sí etí odò.

Ẹ wo bí a ti ń yẹ ìwé Yorùbá wò lóde òní. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni ti ọjọ́ ìkójáde ìwé. Alága ti jókòó, àwọn ọlọ́lá ti tò sórí pèpéle, ìlù ń dún, oúnjẹ ń ta sánsán láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ẹni tí a ní kí ó yẹ ìwé wò yóò dìde, yóò ki òǹkọ̀wé, yóò ki baba òǹkọ̀wé, yóò ka àkọlé orí kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì fi àdúrà parí rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé náà, ẹ̀bi òǹtẹ̀wé ni. Ọ̀nà kejì ni ti ìjà. Ẹni tí inú ń bí yóò fi ìwé bojú, yóò sì máa na ẹni tí ó kọ ọ́ ní pàṣán. Nínú méjèèjì, òǹkàwé tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi owó òun ra ìwé náà kò rí ìdáhùn gbà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Ìgbókòdá lọ dé Ugbónlà, Ayétòrò àti Awóyè, omi ni ọ̀nà. Orí òpó ni a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí, pákó ni a tẹ́ láti ilé dé ilé, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń gbé ènìyàn àti ẹrù. Ìwé tí yóò dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ yóò san owó ara rẹ̀, yóò sì tún san owó ọkọ̀. Ayétòrò tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ. Níbi tí omi ti lè wọlé mú àpótí ìwé, ìwé tí a ó tọ́jú sórí àjà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ta ẹja gbígbẹ tàbí ẹní láti ra ìwé kan ṣoṣo fún ọmọ rẹ̀ kò ní owó tí yóò fi ra irọ́ lámèyítọ́.

Kí ni ajá wá ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ajá kì í ṣe orúkọ ajá lásán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fi òwe tàbí àbọ̀ ọ̀rọ̀ sọ ajá wọn. Ẹni tí aládùúgbò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú lè sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la. Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn lè sọ tirẹ̀ ní Ẹmáawí. Ẹni tí ó ṣe oore tí wọ́n fi ibi san án fún un lè sọ ọ́ ní Aráyéle. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, olówó ajá yóò gbé oúnjẹ sí ìta, yóò gbé ohùn sókè pé, “Tanímọ̀la! Máa bọ̀!” Ajá yóò ju ìrù, yóò jẹun. Aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ náà wà fún yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sì ní lè fèsì. Bí ó bá bínú jáde, olówó ajá yóò ní, “Ajá mi ni mo pè. Àbí ẹ̀yin náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni?”

Àṣà yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ Yorùbá nìkan. Láàrin àwọn ará Ìbàrùbá ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin, onímọ̀ kan, Wendy Schottman, ṣe ìwádìí lórí orúkọ ajá tí ó jẹ́ òwe, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1993. Ó fi hàn pé ńṣe ni wọ́n ń fi orúkọ bẹ́ẹ̀ dípò àríyànjiyàn ojúkojú: ẹni tí a ṣẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ gbọ́, ilé kò sì tú.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú orúkọ ajá fún ẹni tí ń yẹ ìwé wò. Ó kúrú, ó sì rọrùn láti rántí. Ìta gbangba ni a ti ń pè é, kì í ṣe nínú yàrá. Lékè gbogbo rẹ̀, ó bá ìwà wí láìsọ ènìyàn di ọ̀tá. Ohun kan náà ni àwọn òkorin ń ṣe ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tí ó ṣáájú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti láàrin àwọn Yewa, níbi tí oníwà ìbàjẹ́ ti ń gbọ́ ìwà ara rẹ̀ lórin, tí gbogbo ìlú sì ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá pàtàkì fún gbogbo ayé. Bí ayé bá lè bọ̀wọ̀ fún ẹ̀fẹ̀ wa, ó yẹ kí lámèyítọ́ tiwa náà lè lò ó.

Àlọ́ wa pàápàá ti ya àwòrán àwọn lámèyítọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ta ni kò gbọ́ nípa ọdẹ tí ó fi ajá mẹ́ta sílẹ̀ ní ilé, tí àwọn ọ̀tá ká a mọ́ orí igi nínú igbó, tí wọ́n sì ń gé igi náà? Ó pe àwọn ajá rẹ̀ lórúkọ: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, Ògbálẹ̀gbáràwé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà láàrin wa, wọ́n ń yẹ ìwé wò. Òkémọkéréwú ni ẹni tí ń gé ìwé sí wẹ́wẹ́: àmì ohùn kan yẹ̀ ní ojú ewé kejì, ó gbé e, kọ́mà kan sọnù ní ojú ewé kẹta, ó bù ú jẹ, bí ó bá fi máa parí, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ìwé náà ń sọ mọ́. Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì ni ti ọjọ́ ìkójáde: ó gbé odindi ìwé mì láìrún, ó sì ní ó dùn. Ògbálẹ̀gbáràwé ni ó burú jù. Ó gbá ìwé, ó gbá òǹkọ̀wé, ó gbá ìlú tí wọ́n ti bí òǹkọ̀wé. Ewé kan kò kù nílẹ̀. Ọdẹ nílò irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀tá ni ó ń bá jà. Ìwé kì í ṣe ọ̀tá.

Ajá tí lámèyítọ́ nílò ni ajá ilé, èyí tí a fẹ́ràn, tí ó ń sùn síbi ẹsẹ̀ ẹni. Ká ní olùkọ́ kan ní Ugbónlà jókòó sórí pákó iwájú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń ka ìwé tuntun sókè sí etí ajá rẹ̀. Ajá náà kò mọ ẹni tí ó bí òǹkọ̀wé, kò sì jẹ nínú ìrẹsì ọjọ́ ìkójáde. Bí ọ̀rọ̀ bá ní ìlù nínú, ohùn olùkọ́ yóò gbéra, ajá yóò sì na etí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìwọ́nú, ohùn olùkọ́ yóò wálẹ̀, ajá yóò sì yán. Kì í ṣe pé ajá gbọ́ Yorùbá ìwé; olùkọ́ ni ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé báyìí kò lè tan ara rẹ̀ jẹ.

Àwọn ará òkè òkun náà ti rí i pé ajá àti ìwé kò jìnnà síra wọn. Ní ọdún 1936, ajá kékeré kan tí ń jẹ́ Toby, tí John Steinbeck ará Amẹ́ríkà ń sìn, fa bí ìdajì ìwé àfọwọ́kọ *Of Mice and Men* ya, iṣẹ́ bí oṣù méjì sì bàjẹ́. Inú bí Steinbeck, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí ó kọ, ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bóyá lámèyítọ́ ni ajá náà ń ṣe. Kò nà án ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí kò dá òun lójú pé ìwé náà dára. Ó tún un kọ, ó jáde ní 1937, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Virginia Woolf, tí ó yẹ ìwé púpọ̀ wò fún àwọn ìwé ìròyìn, gbé *Flush* jáde ní 1933. Ìtàn ìgbésí ayé ajá akéwì Elizabeth Barrett Browning ni, ẹ̀rín sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ajá ni ó fi wo àwọn gbajúmọ̀, wọ́n sì di ènìyàn bí gbogbo ènìyàn.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀fẹ̀ a máa sọ ìwé di yẹpẹrẹ, pé iṣẹ́ ọpọlọ kì í ṣe ohun à-fi-ṣe-yẹ̀yẹ́. Wọn kò jẹ̀bi tán. Ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí èébú, ó sì yàtọ̀ sí yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a dá ẹ̀fẹ̀ sí lára gbọ́dọ̀ lè bá wa rẹ́rìn-ín, kí ó sì lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Dípò kí lámèyítọ́ ní ìtàn kan gùn láìnídìí, ó lè wí pé: “Ọkọ̀ ìtàn yìí gbéra ní Ìgbókòdá ní ojú ewé kìíní, ní ojú ewé ọgọ́rùn-ún, atukọ̀ ṣì ń wá àjẹ̀ rẹ̀.” Òǹkọ̀wé yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí ìwé bá sì dára, kò yẹ kí ìyìn gbẹ bí igi. “Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹja òun jóná, kí ó má ṣe ka ìwé yìí nídìí iná” tó fún ẹni tí yóò rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ láìsí ẹ̀rí kò níláárí. Nínú àlọ́, nígbà tí Ìjàpá àti Ajá lọ jí iṣu, ìwọ̀nba tí Ajá lè gbé sáré ni ó mú. Ìjàpá ni ó di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ìyẹn ni wọ́n fi mú un. Olè kò dára, ṣùgbọ́n Ajá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Kí lámèyítọ́ sọ kìkì ohun tí ó lè fi ojú ewé hàn. Kí ó sì ka ìwé tán kí ó tó la ẹnu.

Ìṣòro tí ó kù ni ti ìbẹ̀rù. Bí ajá bá rí ojú ẹkùn, a pa rọ́rọ́. Bí lámèyítọ́ bá rí orúkọ olóyè tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́yìn ìwé, òun náà a pa rọ́rọ́. Òǹkọ̀wé mìíràn kì bá fẹ́ kí lámèyítọ́ di ajá Ògún. Àwa òǹkàwé ni a lè lé ìbẹ̀rù yìí lọ, nítorí bí ajá bá ní ẹni lẹ́yìn, a pa ọ̀bọ. Kí àwọn olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ irú orúkọ ajá tí ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kà yẹ kí ó máa jẹ́, kí wọ́n sì fi ojú ewé gbè é lẹ́sẹ̀; àṣà àti ẹ̀kọ́ yóò jọ dúró nínú kíláàsì kan. Kí àwọn àgbà má ṣe ka èwe tí ó bá rí àléébù ìwé sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Kí àwọn tí ń kó ìwé jáde sì jẹ́ kí a yẹ ìwé náà wò tọkàntọkàn kí a tó ná an.

Ní ti àwọn òǹkọ̀wé, bí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n ń pe Tanímọ̀la ní ìta, kí wọ́n má ṣe bínú ti ilẹ̀kùn. Ajá tí yóò sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.